Ìre tí Wọ́n Fi Du Mojíbọ́lá

Ìbínú ni Láníkẹ́ fi ń yan gàrí ní 1993. Gbogbo Ìnísà ló mọ ìdí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Ògúnrìndé káfíńtà, kọ̀ láti fi Mojíbọ́lá ọmọ wọn fún Káyọ̀dé ará Èkó-Èndè. Atúnrédíòṣe ni Káyọ̀dé.

"Ọmọ mi ò ní fẹ́ ẹni tó ń fi ahọ́n tọ́ bátìrì wò."

Ó parí. Ọ̀rọ̀ Ògúnrìndé nìyẹn.

Ẹgbẹ́ eléré Ìnísà, tí àwọn mẹ́ta yìí wà nínú rẹ̀, ń múra ìdíje àṣà tó ń bọ̀ ní Òkukù. Ẹkún ìyàwó ni wọ́n máa ṣe. Mojíbọ́lá ni ìyàwó, Láníkẹ́ ló kọ́ ọ lórin. Ògúnrìndé ni bàbá ìyàwó. Ohùn rẹ̀ dára. Ó sì fẹ́ kí ayé máa wo òun.

Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí wọ́n bá dé ibi ìre, á fò ó.

"Ẹ súre fún un, Bàbá Mojí."

"Eré ni, Láníkẹ́. Ta ní ń jẹ oúnjẹ orí ìtàgé yó?"

"Bó bá jẹ́ eré, ẹ ṣe é. Ẹnu yín ò ní bó."

Ìyàwó tó bá kúnlẹ̀ sunkún, ìre tí bàbá bá sú fún un ti di tirẹ̀, ìbáà jẹ́ lórí ìtàgé; bàbá ti gbà kó lọ ilé ọkọ nìyẹn. Ògúnrìndé mọ̀. Ohun tó ń sá fún nìyẹn.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn Òkukù kún. Mojíbọ́lá kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

*Bàbá mi, mo wá gba ìre.*
*Ilé tí mo ń lọ, n ò mọ ibi tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ sí.*
*Ẹ má jẹ́ n dé bẹ̀ lọ́wọ́ òfo.*

Omijé gidi. Ògúnrìndé gbé ọwọ́ sókè. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí àwọn èrò, ó sì dá orin ìparí.

Àwọn elégbè ò gbè é. Ọmọ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Láníkẹ́ jáde láàrin wọn. "Ẹ dákẹ́," ló wí fún ọkọ rẹ̀, lójú gbogbo Òkukù. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí. "Èmi ni mo lóyún rẹ. Ilé Káyọ̀dé á tù ọ́ lára. Wàá bí, wàá tọ́ ọ. Ebi ò ní pa ọ́ níbẹ̀."

"Àmín," ni gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn.

"Ẹ máa bá a lọ, ìyá," obìnrin kan wí láti ẹ̀yìn, "àmín wa ò tíì tán."

Ògúnrìndé sọ̀rọ̀ láàrin eyín. "O dójú tì mí."

"Ẹ̀yin lẹ dójú ti ọmọ."

Wọn ò gba ipò kankan.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹbí Káyọ̀dé dé. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìyàwó ti gba ìre, àwọn wá béèrè ọjọ́. Ògúnrìndé ò jáde sí wọn. Láníkẹ́ ló dá ọjọ́ náà, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń jà.