Àdúrà Ẹni Tó Ti Palẹ̀ Mọ́

Ìyá àgbà kì í tíì ṣe àmín tán tí ọwọ́ rẹ̀ á fi wà lára àpótí. Láràárọ̀ ni, nínú yàrá wa ní àdúgbò Dichemso ní Kumasi, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán: a ó kọrin, á ka Bíbélì, á gbàdúrà títí orúnkún èmi tí mo kúnlẹ̀ tì í á fi kú tipiri. Á fi gbogbo wa lé Ọlọ́run lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà á yí kọ́kọ́rọ́ wò. Kàká. Ó wà ní títì. Ìgbà yẹn ni yóò tó mí kanlẹ̀.

Ìyá tó bí ìyá mi ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ohun tó dára jù nílé wa, inú àpótí páànù yẹn ló wà: kúbùsù tí ẹnikẹ́ni kò bò rí, aṣọ òkè tó fi ṣègbéyàwó, abọ́ tánńganran tó fi aṣọ wé. Bí ọyẹ́ bá mú tí ètè wa là, ìró la máa ń fi bora. Kúbùsù wà nínú káńfọ̀, ó ń gbádùn ara rẹ̀.

Ìyá àgbà kì í ṣe ahun o. Nígbà tó wà lọ́mọdébìnrin, ìjọba Ghana ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ kíákíá. Bàbá rẹ̀, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tó sì ti ń tajà ní Kumasi kí wọ́n tó bí i, kó wọn sínú ọkọ̀ nígbà tí ìkòkò ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná. Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń lọ dá páropáro. Ìgbà tó di ìyàwó ilé ló tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ padà wá, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò fìdí kalẹ̀. Kò kan ìṣó kankan mọ́ ògiri. Tábìlì tó ń pàtẹ òwú, bọ́tìnì àti síìpù lé níwájú ilé, èyí tí wọ́n ń ká lẹ́sẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ní kó wá ṣe olórí àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ní, “Ẹ jẹ́ ká ṣì wò ó ná.” Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ ìyànjú í sọ tó o. “Nyame wɔ hɔ,” bí àwọn ará Kumasi ṣe ń sọ pé Ọlọ́run ń bẹ, ni yóò máa wí fún aláìsàn àti fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń gbà á gbọ́, àfi tí mo bá rántí kàká yẹn.

Mo ti ń lọ sílé ìwé dáadáa nígbà tí ìròyìn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jà ràn-ìn pé wọ́n tún fẹ́ lé àwa àlejò. Èmi tí wọ́n bí sí Kumasi, tí n kò mọ Ògbómọ̀ṣọ́ rí! Bí olùkọ́ bá pe orúkọ mi, àyà mi á já. Ìyá àgbà ra okùn tuntun, ó fi di àpótí náà gírígírí. Mi ò lè jẹun tán mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sáré wọlé, ọmọ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti Nàìjíríà dé. Ọkọ rẹ̀ ń ta páàtì mọ́tò ní Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? Bàbá ọmọ ní ká máa palẹ̀ mọ́. Ibo ni mo fẹ́ gbé ọmọ jòjòló yìí gbà?”

“Bra, tena ase. Jókòó, ọmọ mi. Fọkàn balẹ̀. Nyame…”

Ojú obìnrin náà ti wà lára àpótí àti okùn ara rẹ̀. Ó wò ó, ó wo ìyá àgbà. Kò bínú. Ó kàn dìde.

“Ó ti yé mi, Màmá. Ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n lọ di ẹrù.”

“Dúró!”

N kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀ ti àpótí, ó ń tú okùn. Kọ́kọ́rọ́ ò wọlé bọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣí i, òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá. Ó gbé kúbùsù lé mi lápá.

“Lọ sá a síta.” Ó wá kọjú sí obìnrin náà. “Mo ti ń purọ́ fún yín, mo sì ń pa á fún Ọlọ́run. Ẹ̀rù ń bà mí. Láti kékeré ló ti ń bà mí. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á lé wa. Àmọ́ tí wọ́n bá lé wa, Ọlọ́run ò ní jókòó sí Kumasi kó máa wò wá lọ. Ẹ má tíì lọ. Èmi náà ò lọ.”

Obìnrin náà bú sẹ́kún, ó sì jókòó.

Nígbà tí a kúnlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó di ọwọ́ mi mú. “Olúwa, o rí i pé mo ti tú u. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Má jẹ́ kí n dì í padà.” Ó ṣe àmín, kò yí kọ́kọ́rọ́ wò. Àwọn kan lọ lóṣù yẹn, kò sì sẹ́ni tó wá lé wa. Ọ̀pọ̀ àárọ̀ ni mo rí i tó ń wo àpótí, tó sì ń gbójú kúrò. Nígbà tí wọ́n tún fi ipò olórí àwọn obìnrin lọ̀ ọ́, ó gbà á.

Ìyá àgbà ti lọ sinmi. Èmi náà ti di ìyá ọmọ, Kumasi ni mo ṣì wà. Ẹ̀rù máa ń bà mí, nípa ọmọ, nípa iṣẹ́, nípa ìròyìn orí fóònù. Mo máa ń fi ẹnu lásán gbé nǹkan lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kí n sì ti wá ọ̀nà mìíràn pa mọ́, bí Òun bá lọ já mi kulẹ̀. Tí mo bá ti ká ara mi mọ́ ọn, mo máa ń tún àdúrà náà bẹ̀rẹ̀: “Olúwa, ẹ̀rù ń bà mí.” Ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò ní rí ìyókù sọ. Èyí tí mo sọ yẹn ṣáà jẹ́ òótọ́.