Mọ́tò Spọ́ọ̀tì Ìyá Àgbà Gun Òkè Aké

Ẹ́ńjìnnì yẹn ń fò lórí táyà àlòkù tí wọ́n gbé e lé, ó ń gbọ̀n, ó ń bú, èéfín ń tú jáde lẹ́yìn ẹ̀, kò sì sí mọ́tò kankan lára ẹ̀ o! Ẹ́ńjìnnì nìkan, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bátìrì lápá kan, kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù lápá kejì. Mo fi ọwọ́ dí etí, mò ń rẹ́rìn-ín. Òórùn ọ́ìlì gba gbogbo ọgbà àwọn mẹkáníìkì tó wà lójú ọ̀nà Kọ́bapẹ́. Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tìborùntìborùn, ó na ọwọ́ sínú èéfín náà, ó gbóòórùn ọwọ́ ẹ̀, ó wá gbójú sókè wo ọ̀gá mẹkáníìkì.

"Ṣé kì í jẹ ọ́ìlì?"

"Kì í jẹ ẹ́, Alhaja. Japan gidi ni. Ara bọ́ọ̀sì la ti tú u."

"Bọ́ọ̀sì tó ti ru èrò kiri gbogbo ayé! Ṣé kò tíì rẹ̀ ẹ́?"

"Alhaja, ẹ̀yin náà ti pọn àwọn ọmọ yín, ẹ tún pọn àwọn ọmọ ọmọ. Ṣé ó ti rẹ̀ yín?"

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde. "Ẹ gbé e sínú mọ́tò mi. Ẹ tètè gbé e, kí n tó yí ọkàn padà."

Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà yẹn, mi ò sì mọ̀ pé èèyàn lè yọ ọkàn mọ́tò kan kó fi sínú òmíràn. Mọ́tò tí mò ń sọ yìí, ọkọ Ìyá àgbà ló fi sílẹ̀ fún un, bàbá àgbà wa tó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Spọ́ọ̀tì ni, pupa, ilẹ̀kùn méjì péré, imú gígùn, ìjókòó ẹ̀yìn tó jẹ́ pé ọmọdé nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Inú ẹ̀ ni bàbá àgbà ti kọ́ Ìyá àgbà ní mọ́tò wíwà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn. Ìgbà tí èmi fi máa mọ nǹkan, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti kú, ẹnikẹ́ni ò sì ta irú ẹ̀ mọ́. Eku ti jẹ gbogbo ìjókòó. Adìẹ ń yé sínú ẹ̀. Síbẹ̀ gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, Ìyá àgbà á gbé abọ́ omi ọṣẹ jáde, á fọ mọ́tò náà bí ẹni ń wẹ̀ fún ọmọ, á máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Èmi ni mo máa ń lé adìẹ jáde.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àkọ́bí Ìyá àgbà, ló ní àfi kí mọ́tò yẹn kúrò nílẹ̀. Ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ó ti bá àwọn tó ń ra irin kòndẹ́ǹmù sọ̀rọ̀ tán. Ìyá àgbà ò jà. Kò jẹun lọ́jọ́ yẹn, ó wá ní òun máa wá ẹ́ńjìnnì míì fi sí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín títí.

"Ó dáa, Màmá. Lọ́jọ́ Iléyá, bó bá gbé wa láti Ìtọ́kú níbí dé Yídì, tó tún gbé wa padà wálé láìsí pé ẹnì kan tì í, mọ́tò yín ti jókòó sílé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá kú lọ́nà, àwọn onírin á wá gbé e lọ́jọ́ kejì ọdún."

"Mo gbọ́," ni Ìyá àgbà wí.

Hmm! Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ga ju ti spọ́ọ̀tì lọ, bọ́nẹ́ẹ̀tì ò pa dé mọ́, ni páńẹ́lìbítà bá fi òòlù lù ú, kò, kò, kò, títí àárín ẹ̀ fi wú sókè róbótó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá wò ó.

"Màmá, mọ́tò yín ti lóyún o."

"Bí ìwọ náà ṣe wà nínú mi nìyẹn, o tiẹ̀ wú jù báyìí lọ."

Àwọn mẹkáníìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ẹ̀rín.

Ó wá ku inú ẹ̀. Ọkùnrin tó ń rán ìjókòó mọ́tò kó lẹ́dà wá, dúdú, pupa, aláwọ̀ wàrà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún Ìyá àgbà. "Alhaja, èyí ló ń bẹ láyé báyìí."

"Lẹ́dà? Èmi tí mo ti ń pa aṣọ láró kí wọ́n tó bí ẹ, kí n wá jókòó lórí lẹ́dà nínú mọ́tò ọkọ mi? Kí gbogbo ọjà Ìtọ́kú fi mí ṣẹ̀sín?"

"Àdìrẹ máa tètè dọ̀tí o, Alhaja."

"Bó bá dọ̀tí, mo mọ ibi tí aró wà."

Ó lọ ra aṣọ tó nípọn, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì lẹ́yìn ilé, ó fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹyẹ sí i, ẹyẹ ńlá ńlá, ẹ̀kọ tútù ló ń fi ya á. Mo jókòó tì í. Mo ṣì lè gbọ́ òórùn kíkan ìkòkò aró yẹn, àti ohùn omi bó ṣe ń kán sílẹ̀ lára aṣọ, tó, tó, tó. Aṣọ á jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ, á di búlúù lójú mi kòró. Ìgbàkigbà tó bá ń ta aṣọ fún oníbàárà, ó máa ń kì wọ́n nílọ̀: ẹ ṣan án dáadáa, títí omi ẹ̀ á fi mọ́. Ṣùgbọ́n ọdún ti ku ọ̀la, ọkùnrin arán-ìjókòó ti dúró ti máṣíìnì ẹ̀, ó ń wo ojú oòrùn. Bí aṣọ ṣe gbẹ báyìí, Ìyá àgbà kó o fún un.

Ọjọ́ Iléyá, funfun ni gbogbo ilé wa wọ̀. Ìyá àgbà jókòó sídìí stíà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú agbádá funfun tuntun, wọ́n rọ èmi sẹ́yìn. Bàbá mi àti ìyá mi tẹ̀lé wa nínú mọ́tò ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Inú spọ́ọ̀tì yẹn lẹ́wà! Ẹyẹ níwájú, ẹyẹ lẹ́yìn, ẹyẹ lára ilẹ̀kùn! Ó sì gbóná bí ààrò.

Ìgbà tá a dé ìsàlẹ̀ òkè Aké, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ọ̀kadà ń fọn hòǹ lẹ́yìn wa. Mo ń wo ẹsẹ̀ òsì Ìyá àgbà lórí kílọ́ọ̀ṣì.

"Màmá, ó ti ń gbóná. Ẹ jẹ́ ká páàkì."

"Dákẹ́."

"Màmá, mo ní..."

"Mo ní kí o dákẹ́! Mò ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì mi!"

Ó já jíà sílẹ̀, gaga, ó tẹ iná. Mọ́tò dúró díẹ̀, mo di ojú. Ni ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì yẹn bá bú lẹ́ẹ̀kan, ó fà wá, ó ń fà wá, ó ń fà wá, títí mo fi la ojú tí mo rí gbogbo òrùlé Abẹ́òkúta nísàlẹ̀ wa àti àpáta láàárín wọn. Atẹ́gùn wọlé. Omi ń bọ́ lójú Ìyá àgbà.

Ní Yídì la ti rí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ̀kalẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí wa, ẹyẹ wà ní ìdí agbádá ẹ̀! Òógùn wa ti fa aró jáde. Mo wo tèmi, búlúù. Mo wo ti Ìyá àgbà, búlúù. Àwọn ọmọ tó wà nítòsí ti ń pariwo, "Ìdí aró! Ìdí aró!"

Ìyá àgbà gbá mi lọ́wọ́ mú. "Mi ò ṣan án," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Yéè, mi ò ṣan aṣọ yẹn." Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹni tí èèyàn bá ba aṣọ ọdún ẹ̀ jẹ́ lójú gbogbo ìlú lè yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà, àwọn onírin sì ṣì ń retí ọ̀la. Gbogbo ìgbà tá a fi kírun, tí wọ́n tẹrí ba níwájú lọ́hùn-ún, ẹyẹ yẹn nìkan ni mò ń wò.

A padà sílé, mọ́tò ò húkọ́ rárá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dúró láàárín ọgbà, ó yọ fóònù.

"Ẹ kú ọdún o. Ẹ má wulẹ̀ wá lọ́la mọ́. Rárá, kò sí mọ́tò títà nílé yìí." Ó fi fóònù sápò, ó kọjú sí ìyá ẹ̀. "Màmá! Ẹ̀yin! Odidi aláró Ìtọ́kú! Ẹ ò ṣan aṣọ!" Ẹ̀rín wá gbé e ṣubú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú agbádá yẹn, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, èmi ń fò sókè bí ọ̀bọ.

Ìyá àgbà ò fò. Ó ti padà sínú mọ́tò, ó fi orí ti ìjókòó, ó mí kanlẹ̀, ó sì sùn lọ fọnfọn. Òórùn ẹran àgbò sísun ti gba ilé, ìyá mi fẹ́ lọ jí i kó wá jẹun. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀." Òun fúnra ẹ̀ ló lọ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì fún un kí atẹ́gùn máa wọlé.

Mi ò tíì rí àgbàlagbà tó sùn bẹ́ẹ̀ rí, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lọ́mú. Ìyá àgbà ti dàgbà gan-an báyìí, ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mò ń wa spọ́ọ̀tì náà fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mo máa ń pariwo tínú mi bá dùn! Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí èsì ìdánwò àṣekágbá mi jáde tó sì dáa, lẹ́yìn gbogbo ariwo, mo wá ibì kan jókòó, mo fi orí ti ògiri, mo mí kanlẹ̀. Ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Ọwọ́ Ìyá àgbà ni mo ti kọ́ ọ lọ́jọ́ Iléyá yẹn, kò sì mọ̀ pé mò ń wo òun.