S Tí Wọ́n Gbàgbé Lábẹ́ Àwòrán Ìyá Mi

Iléṣà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ náà sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ Ìwàrà ni bàbá mi, oníṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tí kì í pa ìsìn jẹ. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni ìyá mi. Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi padà sílé bàbá tirẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà di òní, tó ń ṣe iṣẹ́ tó ti ń ṣe kí wọ́n tó bí mi.

Àdìrẹ alábẹ́là ni iṣẹ́ náà. Yóò yọ́ àbẹ́là nínú agolo lórí iná, yóò ki ègé fóòmù bọ̀ ọ́, yóò sì máa fi ya àwòrán sára aṣọ funfun. Bó bá rẹ aṣọ náà sínú aró, ibi tí àbẹ́là bò kò ní mu aró. Bó bá wá fi omi gbígbóná yọ àbẹ́là kúrò, àwòrán á jáde. N kò jogún ọwọ́ rẹ̀. Bí mo bá ya ẹyẹ, wọ́n á bi mí bóyá ìkòkò ni. Gírámà ni tèmi, ojú ò sì tì mí láti sọ pé mo mọ̀ ọ́n.

Obìnrin tínínrín kan ló kọ́ mi, olùkọ́ tí kì í fi ẹgba dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kan ó kọ ọ́ sójú pátákó pé: "I am going to my uncle's." Mo nawọ́ sókè, mo ní gbólóhùn yẹn ò tíì parí, uncle's kí ni? Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fòfin de Yorùbá lẹ́nu wa nílé-ìwé náà, Yorùbá ló fi bi mí pé níbo ni mò ń lọ ní Sátidé. Mo ní mò ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi. Ó bi mí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbo, ṣé ilé ni, àbí oko, àbí ṣọ́ọ̀bù? Mo ní ẹni tó bá gbọ́ á ti mọ̀.

Ó ní, "Àwọn òyìnbó náà mọ̀. S yẹn ni ọ̀dọ̀ tiwọn."

Láti ọjọ́ náà ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń wù mí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló kọ́ wa ní iṣẹ́ kejì tí S náà ń ṣe, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí. Ó ní bí wọ́n bá sọ pé "a picture of the king", ojú ọba ló wà nínú àwòrán. Bí wọ́n bá fi S sí i, tó di "a picture of the king's", ọba ló ni àwòrán náà. Ó lè jẹ́ àwòrán ewúrẹ́ ni. Èmi náà ti wá fi kọ́ ọmọ púpọ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń yán, ọdọọdún ni ẹnìkan ń bi mí pé, "Mà, kí ló kàn wá níbẹ̀?" N kò ní èsì gidi fún wọn títí di ọdún tó kọjá.

Ọkùnrin kan wá sí Òṣogbo lọ́dún náà, ó ń kó àwọn aṣọ aláró àtijọ́ jọ láti ṣe àfihàn wọn nínú gbọ̀ngàn kan. Wọ́n júwe ilé ìyá mi fún un. Ìyá mi ṣí àpótí, ó sì mú aṣọ kan tí kì í tà jáde. Obìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí odò, tó ń fọ aṣọ. Ìyá tó bí ìyá mi ni. Ọdún tí ó kú ni ìyá mi yà á, kò sì tíì ya òmíràn tó tó o. Ọkùnrin náà yá a lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú fóònù dání, ó bi í pé kí ni kí òun kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀. Ìyá mi dáhùn pé, "Àwòrán mi ni."

Bó ṣe yẹ kó sọ ọ́ ló sọ ọ́. Ta ni Yorùbá tí kò ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ọkùnrin náà wá yí i sí Gẹ̀ẹ́sì.

Sátidé ni wọ́n ṣí àfihàn. Mo wakọ̀ láti Iléṣà ní kùtùkùtù, mo sì lọ gbé ìyá mi. Bùbá àti ìró tí ó fúnra rẹ̀ rẹ láró ló wọ̀. Nígbà tí a wọlé, aṣọ rẹ̀ ló kọjú sí ẹnu ọ̀nà, èrò sì dúró níwájú rẹ̀. Mo ń rò ó pé ọ̀pọ̀ ọdún tí ọwọ́ rẹ̀ ń dúdú, kò já sí asán.

Ọmọbìnrin kan wo aṣọ, ó wo ìyá mi, ó sì kúnlẹ̀ kí i. Ó bi í pé, "Mà, ta ló yà yín báyìí?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní òun kọ́ ló wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà tọ́ka sí káàdì tó wà lábẹ́ aṣọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "A portrait of the dyer. Artist unknown."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń wí ni pé ìyá mi ni wọ́n yà, àti pé a ò mọ ẹni tó yà á. Ẹni tó ṣiṣẹ́ náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, káàdì ní a ò mọ̀ ọ́n.

Mo lọ bá ọkùnrin náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó bi mí pé ṣé ìyá mi kò sọ pé àwòrán àwọn ni. Mo ní wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ni wọ́n yà á, àwọn ni wọ́n sì ni ín, ṣùgbọ́n ìyá wọn ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ṣebí "of" náà ni "ti". Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ gbólóhùn méjì sẹ́yìn ìwé ètò, ọ̀kan láìní S, èkejì pẹ̀lú S, mo sì fi èwo jẹ́ èwo hàn án. Ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti tẹ káàdì náà, òun á tún un ṣe tó bá yá. Mo ní rárá, àwọn tó wá lónìí kò ní padà wá kà á tó bá yá.

Ìyá mi ti rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ó bi mí pé kí ni a ń fà. Mo ṣàlàyé fún un pé wọ́n kọ ọ́ pé ẹlòmíràn ló yà á, wọn ò sì mọ onítọ̀hún. Ó wo ọkùnrin náà lójú.

Ó ní, "Ẹ wá àbẹ́là àti fóòmù fún mi. Ẹ jẹ́ kí n ya ìyá mi fún yín níbi tí mo dúró sí yìí."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo àlejò. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ káàdì náà kúrò, ó sì gbé káàdì funfun fún mi. Ó ní kí n kúkú kọ "by the dyer", kó lè rọrùn. Mo ní yóò rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó yà á nìkan ni "by" ń sọ. Aṣọ tó yá ni, kò rà á, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá kà á mọ ẹni tó ni ín. Mo wá kọ ọ́ gàdàgbà pé: "A portrait of the dyer's. She drew her own mother."

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ mí pé kí n bá òun ka àwọn káàdì yòókù. Mo yí gbọ̀ngàn náà ká, ó ń tẹ̀ lé mi bí ọmọ kíláàsì mi, mo sì rí mẹ́rin mìíràn tó nílò àtúnṣe. Wọ́n gbé àga fún ìyá mi níwájú aṣọ rẹ̀. Bí àlejò bá dé, ìyá mi á sọ fún un bí ìyá tirẹ̀ ṣe máa ń ká ìró sókè kó tó wọ odò, èmi á sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ẹnikẹ́ni kò yán. Ọmọ kan ní ì bá dára kí ìyá mi ti sọ pé "èmi ni mo yà á". Mo ní ìyá mi kò ṣẹ̀ rárá. Ilé rẹ̀ ló wà, èdè rẹ̀ ló ń sọ. Ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọjá sínú èdè mìíràn ló yẹ kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí àfihàn parí, ọkùnrin náà dá aṣọ padà, ó sì fi káàdì tí mo kọ lé e lórí. Ìyá mi ní kí n kà á fún òun, kí n má sáré. Mo kà á. Ó fi ìka tó dúdú fún aró kan S náà.

"Èyí ló sọ pé èmi ni mo ni ín?"

Mo ní òun ni, mà.

Ó mi orí pé òun gbọ́, ó fi káàdì náà sínú Bíbélì bàbá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ náà. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní olùkọ́ tí ò mọ aṣọ ká, kí n lọ jókòó.