Àbẹ́là Tí Ìyá Àgbà Ń Fi Imú Rí

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ń yọ́ ìda oyin nítòsí mi, ọwọ́ mi a kọ́kọ́ lọ sí irun ìpéǹpéjú mi kí n tó mọ̀. Ọdún kan wà tí irun náà jó tán pátápátá, tí mo ń wé gèlè wálẹ̀ dé ojú kí àwọn ẹgbẹ́ mi má baà rí mi fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Dàhòmì ni orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́, òmìnira kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ wa, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba sẹ́rítífíkà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo náà tó fún mi láti gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní abúlé wa tún lè kọ́ mi.

Ìhà Sòklógbó ni abúlé wa wà. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni bàbá mi ń gbìn, ó sì máa ń gbé ìkòkò sórí igi kí oyin lè wá ṣe ilé síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún oyin náà tán, ìyá mi a yọ́ ìda tó kù, a fi dí igbá tó ya, a sì fi ìyókù ṣe àbẹ́là, èyí tí àwa ń pè ní bùjí bí àwọn Faransé ti ń pè é. Àbẹ́là ìyá mi kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi yangàn. Bí oòrùn bá pa á, a tẹ̀; bí a bá tàn án, a máa rú èéfín; atẹ́gùn kékeré sì tó láti pa á. Síbẹ̀, òun ni gbogbo ilé wa ń mú lọ sí Dásà lóṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ láti Lẹ́mà, láti Tré àti láti ọ̀nà jíjìn bá péjọ síbi ihò àpáta Ìyá Màríà. Ní ìrọ̀lẹ́, a ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ yí ẹsẹ̀ òkè ká, oníkálukú pẹ̀lú iná lọ́wọ́.

Ìyá tó bí bàbá mi kì í pa ìtò yẹn jẹ. Ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́, èmi ni mo sì máa ń fà á lọ́wọ́. Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mo fẹ́ sọ, atẹ́gùn pa àbẹ́là rẹ̀ nígbà tí a kò tíì rìn jìnnà. Mo rí i. Ṣùgbọ́n bàtà tuntun wà lẹ́sẹ̀ mi, àwọn ọmọ kíláàsì mi wà níwájú wa, wọ́n ń kọrin, bí mo bá sì dúró láti wá iná, wọn yóò fi mí sílẹ̀ sáàárín àwọn arúgbó. Mo sọ fún ara mi pé kò kúkú ríran. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà ṣe gbé òwú dúdú síwájú àyà rẹ̀ yí gbogbo ẹsẹ̀ òkè náà ká, tó ń rọra tẹ ilẹ̀ kí atẹ́gùn má baà pa iná tí kò sí níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan nínú ìjọ wá kí i pé ó kú ìrìn, ó ní kó má ṣe jẹ́ kó dùn ún, Ìyá Màríà yóò gba àdúrà rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbẹ́là rẹ̀ kò tàn. Inú rere ni obìnrin náà fi sọ ọ́. Ìyá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì padà sílé.

Nígbà tó jókòó tán, ó pè mí. “Ìwọ rí i?”

“Mo rí i, Ìyá àgbà.”

Kò bínú, kò sì bú mi. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó yí ojú tí kò ríran náà sí mi, èmi tí mo ríran ni kò lè wò ó.

Nígbà tí oṣù keje ọdún kejì wọlé, tí gbogbo ilé ń múra, ìyá àgbà ní òun kò lọ. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Olùkọ́ni ìjọ wá láti bẹ̀ ẹ́, ó sì fi ìwé mímọ́ ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá fèsì pé òun kò ní gbé òwú òkú kiri fún aráyé wò mọ́, kí àwọn tó lójú máa lọ. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú ilé pé èmi ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, nítorí kò fi mí sùn fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè jẹun.

Mo wá pinnu pé èmi yóò ṣe àbẹ́là tí yóò máa sọ fún un fúnra rẹ̀ pé òun ń jó. Bí ojú kò bá rí iná, imú a gbọ́ ọ. Mo fún ara mi ní ọjọ́ méjì péré, torí mo ní sẹ́rítífíkà.

Gbogbo ohun tó wà nílé ni mo dà sínú ìda. Mo kọ́kọ́ fi òrí sí i, nítorí òórùn òrí wù mí; àbẹ́là náà rọ̀, ó sì tẹ̀ kọdọrọ bí ìrù ajá. Mo se ewé tíì, mo da omi rẹ̀ mọ́ ìda lórí iná, ó ta sí mi lápá. Mo sá èèpo ọsàn gbẹ, mo gún un kúnná. Ó rì sísàlẹ̀, ó sì dí òwú pa. Nígbà tí ọjọ́ méjì ti di ọ̀sẹ̀ méjì, mo yọ́ wọ inú yàrá ìyá mi, mo mú ìgò lọ́fínńdà rẹ̀, mo sì da ìdajì rẹ̀ sínú ìda gbígbóná tó wà lórí ààrò. Iná fò sókè, ó bá mi lójú. Ohun tó jó lára mi ni irun ìpéǹpéjú. Ìyá mi kò béèrè ẹni tó mú lọ́fínńdà òun. Ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó rí olè.

Ṣùgbọ́n ìda tó kù nínú ìkòkò ń ta sánsán. Mo dà á sínú igi ewé ìbẹ́pẹ tó ní ihò nínú, èyí tí a fi ń ṣe àbẹ́là, nígbà tó sì le, mo la igi náà, mo yọ ọ́ jáde. Mo gbé e fún ìyá àgbà kó dì í mú, kí n lè ṣáná sí i. Kí n tó rí ìṣáná, ó ti fa imú gbọọrọ, ojú rẹ̀ sì tú ká.

“Ó ń jó dáadáa,” ó ní.

Mo dúró bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti dákẹ́. Mo ti dákẹ́ rí.

“Ìyá àgbà, mi ò tíì tàn án.”

Ó gbé àbẹ́là náà padà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Lónìí, o sọ fún mi.” Láti ọjọ́ yẹn ló ti ní kí n máa gbé àpótí òun wá sẹ́bàá ààrò bí mo bá ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló sì bi mí pé òwú wo ni mò ń lò. Mo ní òwú lásán ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí àwọn ń tan fìtílà elépo, àwọn kì í fi òwú sínú rẹ̀ láìrẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́, kí àwọn sì sá a kó gbẹ, nítorí òwú tó jẹ iyọ̀ kì í yára kú. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, iná náà sì dúró ṣinṣin. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń jó ara mi, ẹ̀yìn mi ni ọgbọ́n náà jókòó sí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ó ku ti òórùn. Mo bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọjà Dásà, mo lọ bá bàbá oníṣọ́ọ̀bù kan, mùsùlùmí tó ń ta lọ́fínńdà àti tùràrí, mo ní mò ń wá lọ́fínńdà tí kì í ta sánsán àyàfi bí iná bá dé ibẹ̀. Mo rò pé yóò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jókòó, kí n sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ọ̀rọ̀ bàtà tuntun, tí n kò tíì sọ fún ẹlòmíràn rí.

“Ọmọ mi,” ó ní, “lọ́fínńdà kì í dúró kí wọ́n pè é kó tó jẹ́. Tùràrí ni kì í sọ̀rọ̀ àfi bí iná bá kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀.”

Ó bu tùràrí sínú bébà, ó lọ́ ọ, ó sì kọ̀ láti gba owó lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n ṣáà padà wá ròyìn fún òun.

Mo gún tùràrí náà, mo yọ́ ọ mọ́ ìda, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ. Èyí àkọ́kọ́ pọ̀ jù. Èéfín dúdú bo wa, ìyá àgbà wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní tí mo bá fẹ́ pa òun, kí n kúkú wí. Mo dín in kù, mo tún dín in kù, títí ó fi di ṣíbí kékeré kan sí ìgbakọ ìda kan. Èyí rí bó ṣe yẹ. Nígbà tó tutù, òórùn oyin nìkan ló ń gbé jáde. Nígbà tí mo tàn án, òórùn tùràrí dìde. Tùràrí náà sì mú kí ìda le, tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbé àbẹ́là náà sórí àpáta lọ́sàn-án gangan, tí kò tẹ̀.

Mo dán ìyá àgbà wò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo máa ń tàn án, mo máa ń pa á, n kò ní sọ̀rọ̀. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ keje, ó pe bàbá mi, ó ní kó bá òun wá aṣọ tí òun yóò wọ̀ lọ sí Dásà.

Atẹ́gùn pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìtò náà, òjò sì ti rọ̀ lọ́sàn-án. Ìyá àgbà di àbẹ́là rẹ̀ mú, mo di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú. Ní ibi tí ọ̀nà ti há láàárín àpáta méjì, atẹ́gùn fẹ́ gba àárín wa kọjá. Kí n má purọ́, iwájú ni mò ń wò, níbi tí àwọn ọmọ kíláàsì mi wà. Lójijì, ìyá àgbà dúró gbọnyin. Àwọn tó wà lẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ gorí wa.

“Iná mi ti kú,” ó ní, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ fún mi níná.”

Mo yíjú. Ṣóńṣó òwú náà ṣì pọ́n, kò tíì dúdú. Ó ti mọ̀ kí èmi tí mo lójú tó mọ̀. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn wa na àbẹ́là tirẹ̀ sí i. Gbogbo ìtò tó wà lẹ́yìn dúró, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n ń wo arúgbó tó gbé imú sókè, tó ń retí. Nígbà tí òórùn náà dé, ó mi orí. “Ó ti mú. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Ìgbà méjì sí i ló dá ìtò náà dúró kí a tó yí òkè ká tán, kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ìgbà àkọ́kọ́ ni mo ká gèlè mi sókè kúrò níwájú orí. Ẹni tó bá fẹ́ wo ìpéǹpéjú mi kó wò ó. Inú mi dùn débi pé n kò rántí bóyá àwọn ọmọ kíláàsì mi dúró dè mí tàbí wọn kò dúró.

Mo padà lọ ròyìn fún bàbá oníṣọ́ọ̀bù gẹ́gẹ́ bó ti wí. Ìyá àgbà yí òkè náà ká ní ọdún mẹ́ta sí i kó tó di pé a sin ín, àbẹ́là tí mo ṣe ló sì mú lọ ní gbogbo wọn.

Láti ìgbà náà, mo ti ṣe olùkọ́ fún ọdún púpọ̀, ní Sabẹ̀ àti ní Párákú. Àwọn tí mo kọ́ ti di ẹni ńlá, wọ́n sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀, bí mo bá jókòó ní èmi nìkan, tí mo sì fẹ́ yan iṣẹ́ ọwọ́ mi kan fi yangàn, àbẹ́là tó rí gbágungbàgun, tó pọ́n bí ilẹ̀ oko, ni mo máa ń yàn. Nígbà yẹn, mo ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé mo fún ìyá mi àgbà lójú. Ọjọ́ ogbó ti kọ́ mi ní sùúrù láti mọ bí ohun tí mo ṣe ti kéré tó. Kò ríran ní ọjọ́ yẹn, kò sì ríran títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná rẹ̀ kú láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.