Ọmọ Tí Ìyá Ọkọ Mi Kọ̀ Láti Wẹ̀

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ ṣe mí níkà láyé yìí, òórùn àdí ló sì máa ń mú un wá sí mi lọ́kàn títí di òní. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Bẹyẹrúnkà ló kún fún òórùn náà, nítorí òun ló ń wẹ gbogbo ọmọ tuntun inú agbo ilé. Yóò jókòó sórí àpótí ní àgbàlá, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, yóò fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú fọ gbogbo oríkèé ara rẹ̀, yóò fà á lápá, yóò fà á lẹ́sẹ̀, yóò sì fi àdí pa á lára títí yóò fi máa dán bí ìkòkò tuntun. Kì í ṣe ìmọ́tótó nìkan ni ìwẹ̀ yẹn wà fún. Nílé náà, ọmọ tí àgbà obìnrin bá wẹ̀ ní gbangba ni ọmọ ilé. Èyí tí wọn kò bá wẹ̀, àlejò ni, wọ́n sì lè dá àlejò padà síbi tó ti wá.

Ìyàwó kejì ni mo jẹ́ níbẹ̀, ayé òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ n'Íbàdàn nígbà náà. Mo ti kàwé nílé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì kí wọ́n tó fi mí fọ́kọ, ìyá ọkọ mi kò sì fi ìyẹn jì mí. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, obìnrin, ojú rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ sókè níkangun, ọrùn rẹ̀ kúrú, ahọ́n rẹ̀ kì í fẹ́ dúró lẹ́nu, ara rẹ̀ sì rọ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Lóde òní, àwọn dókítà ti ní orúkọ òyìnbó tí wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ìyá ọkọ mi rí pè é ni “nǹkan.” Ó ní ìwé tí mo kà ló jẹ eegun rẹ̀ tán kí n tó bí i. Ó kọ̀, kò wẹ̀ ẹ́. Inú yàrá ni mo ti ń fi aṣọ tútù nu ún.

Lọ́jọ́ ìkómọjáde, wọ́n da omi sórí òrùlé bí àṣà, kí ó lè kán sí ọmọ lára láti etí koríko. Ó yẹ kí ọmọ ké, kí ará ilé sì hó yèè pé ààyè ni. Tèmi kò ké. Ó la ẹnu, ó ń lá omi náà. Ìyá ọkọ mi wojú gbogbo àwọn tó pé jọ, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ lórúkọ, pé a kì í sọ ohun tí kò ní dúró lórúkọ. Wọ́n gbé oyin àti obì padà wọlé. Ìyàwó ilé kan rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi gbé àdá kọ́ èjìká, ó ní èpò ń bo iṣu òun, ó gba oko lọ. Bàbá mi ránṣẹ́ láti Yemetu pé inú òun bàjẹ́, ṣùgbọ́n kí n má gbé e wá sílé òun, nítorí àwọn àbúrò mi obìnrin kò tíì lọ́kọ. Àwọn ọkùnrin wa mọ bí a ṣe ń banú jẹ́ láti òkèèrè.

Kò pẹ́ sí i, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá aṣọ funfun tí wọ́n ká sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ìyá ọkọ mi dúró tì í. Ó ní kí n fi wé ọmọ náà, kí n gbé e lọ sétí odò Ògùnpa, kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ó ní bí ọkọ mi bá ti oko dé bá ọmọ náà nílé, èmi àti ọmọ ni òun yóò jọ lé jáde. N kò ní ibì kankan tí mo lè lọ. Mo wé e, mo sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà àbájáde.

Ìyálé mi ló dá mi dúró. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rẹ́ mi ni. Obìnrin náà kò fẹ́ràn mi rárá, “Akọ̀wé” ló ń pè mí, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ìdí ààrò ló wà tó ti ń wò mí.

“Akọ̀wé, níbo lò ń gbé ọmọ tí kò wẹ̀ lọ?”

Ó já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi, ó wọ́ àpótí ìyá ọkọ wa bọ́ sáàárín àgbàlá, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀.

“Bu omi wá. Wọ́n kọ́ ọ ní ábídí títí, wọn ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọrùn ọmọ ró.”

Ìyá ọkọ wa jáde, ó ní kí ó fi í sílẹ̀. Ìyálé mi kí i bó ti yẹ kí á kí ìyá ọkọ, ó béèrè bí wọ́n ti sùn, ó sì ń fọ ọmọ lọ.

“Ìyá, ẹ má bínú. Mo ti wẹ̀ ẹ́ báyìí, gbogbo ilé ló rí mi. Tó bá di ti odò, ẹ ó gbé èmi náà lọ ni.”

Ó fa aṣọ funfun náà ya sí méjì, ó fi ọ̀kan nu ìdí ọmọ, ó fi ìkejì wé e. Ó ní Àjọkẹ́ ni òun yóò máa pè é, nítorí ó hàn pé èmi nìkan kò lè kẹ́ ẹ dé ibì kankan.

Láti ọjọ́ náà, ó ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, ó sì ń bú mi láràárọ̀. Ọmọ kò lè fa ọmú dáadáa. Ìyálé mi ló ní kí n máa fún omi ọmú sínú igbá kékeré, kí n máa fi òwú kán an sí i lẹ́nu. Àwọn ìyàwó ilé yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé igi ìdáná àti omi gbígbóná wá, lẹ́yìn tí wọ́n rí i pé àrá kò sán pa ẹnikẹ́ni. Èyí tó rẹ́rìn-ín gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Mo mu ún, mi ò sì gbàgbé ẹ̀rín náà. Gbogbo wọn ti kú báyìí, mo sì jẹun yó níbi òkú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọkọ mi ti oko dé nígbà tí ewu ti kọjá, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yóò dára. Mi ò bá a jà. Mi ò kàn fi ojú ọkọ wò ó mọ́.

Àjọkẹ́ rìn, ó sọ̀rọ̀ níwọ̀nba, ó ń bá mi lọ sí Ọjà'ba, ó sì mọ gbogbo ẹni tó ń kí i lọ́nà. Ó di ọmọge kí àìsàn àyà tó mú un lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyá ọkọ mi dùbúlẹ̀ àìsàn tó pa á. Mo wọlé tọ̀ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kì í ṣe pé mo wá tọ́jú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ó rí mi kí ó tó lọ ni. Mo bi í léèrè ohun tí ọmọ mi fi ṣẹ̀ ẹ́.

Ìdáhùn rẹ̀ kò mú kí n dárí jì í, mi ò sì tíì dárí jì í. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbọ́ pé obìnrin kan bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Bẹẹrẹ, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn Mápó, mo máa ń lọ láìjẹ́ pé wọ́n pè mí. N kì í gbé àánú lọ. Àánú ni bàbá mi náà fi ránṣẹ́. Mo máa ń ká apá aṣọ mi sókè ni, mo máa ń ní kí wọ́n gbé omi wá. Mo mọ ohun tí ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dà tí kò bá rí ọwọ́ kejì, nítorí mo bá ọ̀kan gbé inú ilé kan náà. Lọ́sàn-án yẹn tí mo bi í léèrè, ìyá ọkọ mi kọjú sí ògiri, ó ní:

“Mo bí irú rẹ̀ kí n tó bí ọkọ rẹ. Títí mo fi dé odò, mo ń bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹnìkan á pè mí padà. Kò sẹ́ni tó pè mí.”