Ìborùn Tí Mo Ń Wọ̀ Lọ Síbi Iṣẹ́

Mo kàwé, mo wọkọ̀ òfurufú wá sí Níú Yọ́ọ̀kì, erùpẹ̀ ni mo wá ń kù. Àwọn awalẹ̀pìtàn ló ń kó o wá sí yunifásítì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, láti orí òkè kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ tẹ̀dó sí tí wọ́n ń wa òjé. Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, èmi ni mò ń fi asẹ́ kù ú, tí mò ń ṣa ìdàrọ́ tó ṣẹ́ kù lára òjé tí wọ́n yọ́, àfọ́kù ìkòkò àti egungun sọ́tọ̀. Wọ́n fún wa ní ìbòmú àti ìbọ̀wọ́, wọ́n ní ká máa fọwọ́. Mò ń fọ̀ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré, nítorí náà mo máa ń da ìborùn nínípọn kan bora.

Ìborùn yẹn náà ni mo máa ń wọ̀ délé, ní àdúgbò University Heights. Màmá mi tó wá láti Ìbàdàn ló ń bá mi tọ́jú ọmọbìnrin mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan. Kí n tó bọ́ bàtà, ọmọ á ti gbá mi lẹ́sẹ̀ mú. Màá fi ìborùn pọ̀n ọ́n, á máa fa etí ìborùn náà mu títí oorun á fi gbé e lọ. Ká sọ òótọ́, àkókò yẹn nìkan ni ara máa ń tù mí.

Nígbà tí mo gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ọdún kan, dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní òjé ti pọ̀ jù níbẹ̀, pé ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Mo ní ọ̀dà àtijọ́ ara ògiri ilé wa ló fà á, torí òjé máa ń wà nínú rẹ̀. Mo lọ ká súpà, alábòójútó ilé wa, mọ́lé, mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i débi tí àwọn ará ilé fi yọjú.

Ìjọba ìlú rán òṣìṣẹ́ kan wá. Ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń wá òjé lé ògiri, ó gbé e lé fèrèsé, kò rí nǹkan kan. Ó wá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Nígbà tí mo sọ fún un, ó wo ìborùn tó wà lára ìkọ́, ó ní kí n jẹ́ kí òun mú un lọ yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò fi hàn pé eruku òjé ti wọ inú ìborùn náà; òun ni lóòótọ́.

Màmá mi ní, “Ṣé o ò mọ̀ pé òjé ló wà níbẹ̀ ni?”

“Mo mọ̀, mà. Mi ò rò ó débẹ̀ ni.”

Mo lọ bẹ súpà. Ó ní kí n gbàgbé ẹ̀. Ojú tì mí gan-an.

Mi ò lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìnṣọ́ránsì tí ọmọ fi ń rí dókítà ti ń wá. Mo ń pààrọ̀ aṣọ kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ń wẹ̀ kí n tó gbé e. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń rọra dín kù, kò tíì tán. Mi ò sọ fún ọ̀gá mi, kí wọ́n má baà ní kí n máa lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, eyín ọmọdé ayé àtijọ́ kan jáde nínú asẹ́. Ọ̀gá mi gbé e sábẹ́ iná, ó mi orí.

“Irú ìyá wo ló máa tọ́ ọmọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé?”

“Èyí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni, mà.”

Ó wò mí. Ó ti rẹ̀ mí. Mo bu erùpẹ̀ mìíràn sínú asẹ́.