Kásẹ́ẹ̀tì Màámi Tí Kò Rí Ẹni Gbé e Dé Mọ́síkò

Láyé ìgbà tí mo ń sọ yìí, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń bára wọn ṣọ̀tá bí orogún méjì tí ọkọ wọn ti kú, tí kò sẹ́ni tó máa là wọ́n. Ọ̀kan ní òun ni ọlọ́jà ayé, ọ̀kan ní òun ni ọ̀rẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́, àwọn méjèèjì sì kó bọ́ǹbù jọ sẹ́yìn ilé. Mo máa ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Alief, ní ìlú Houston, màá sì máa rẹ́rìn-ín. Kí ló kàn mí? Gàrí, panla, edé gbígbẹ àti kásẹ́ẹ̀tì ni mo ń tà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà.

Àfìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì màámi dé.

Àbúrò mi ọkùnrin, ẹyọ kan tí mo ní, wà ní Mọ́síkò, olú ìlú Rọ́ṣíà. Ìjọba ibẹ̀ ló fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tán, kò wálé, ó fẹ́ ọmọ wọn kan. Nígbà tí màámi gbọ́ ní Ìkirè, ọdún mẹ́rin gbáko ni wọn ò fi dárúkọ rẹ̀. Tí mo bá béèrè, wọ́n á ní, "Ta nìyẹn?"

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ti ilé dé kó ẹrù mi wá, mo sì bá kásẹ́ẹ̀tì kan láàárín ẹ̀gúsí. Màámi kì í ránni kọ lẹ́tà. Wọ́n ní ẹni tó ń báni kọ lẹ́tà ló ń kó ọ̀rọ̀ ẹni kiri àdúgbò. Mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rédíò. Wọ́n kí mi, wọ́n kí ọkọ mi, wọ́n kí mi kú òtútù Houston, òtútù tí kò sí. Wọ́n wá kìlọ̀ fún mi: "Ti àbúrò rẹ ni ìyókù. Má gbé e lọ sí pósítọ́fíìsì o. Ẹni tó ń lọ ni kí o fi rán."

Ohùn wọn bá yí padà. "Mo ti gbà. Ẹni tí o fẹ́ ni mo fẹ́. Ara mi ò yá, mi ò sì fẹ́ bá ìbínú lọ. Mú un wá kí n rí i." Wọ́n wá kọjú sí ìyàwó fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ó gbọ́ Yorùbá: "Ìyàwó mi, máa wọṣọ tó nípọn o. Má jẹ́ kí òtútù wọ̀ ọ́ létí." Kásẹ́ẹ̀tì tán síbẹ̀.

Mo sunkún lórí àpò gàrí.

Ẹni tó ń lọ! Ohun tí gbogbo wa fi ń gbé Houston nìyẹn. Ẹni tó ń lọ Èkó á gbé oògùn fún bàbá ẹnìkan, ẹni tó ń bọ̀ á gbé ata gbígbẹ wá. Ti London, mo máa ń rí ẹni kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé Mọ́síkò ò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo òmùgọ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ní La Porte ni mo kọ́kọ́ bi, nígbà tó wá ra gàrí.

"Ẹnjiníà, ta lo mọ̀ tó ń lọ Rọ́ṣíà?"

Ó wẹ̀yìn wò. Àwa méjì la wà níbẹ̀, àti panla.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ibẹ̀ lójú mi. Wọn ò tíì fún mi níwèé ìgbélùú."

"Ṣé panla yìí ló máa lọ fẹjọ́ ẹ sùn?"

"Wọ́n bi mí nínú fọ́ọ̀mù bóyá mo bá àwọn kọ́múníísì ṣe. Mo ní rárá."

"Màámi ni kọ́múníísì?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Àǹtí, ẹ bá mi wọn gàrí."

Mo wọ̀n ọ́n. Látọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ló ń wá rajà.

Wòlíì wa ní kí n gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá fún àdúrà, kí ẹ̀mí àìgbàgbọ́ má bàa gba inú rẹ̀ wọlé. Mo ní, "Bàbá, ibẹ̀ ló ń lọ, kò tíì tibẹ̀ dé." Wọ́n gbàdúrà sí i, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo wa mọ́tò gba freeway, títì márosẹ̀ wọn, dé ìlú Spring nítorí mo gbọ́ pé ọkùnrin kan ń lọ. Róòmù ló ń lọ. Oṣù mẹ́jọ kọjá báyìí. Ó wá di pé bí àwọn olórí méjèèjì bá ti yọjú lórí tẹlifíṣọ̀n, màá pa á. Èyí ní òmìnira wà lọ́dọ̀ òun, èkejì ní ìdọ́gba wà lọ́dọ̀ òun, ohùn arúgbó kan ò sì rí àárín wọn kọjá.

Obìnrin kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ló là mí lóye: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń ti Èkó lọ Mọ́síkò, torí ìjọba wa nílé ń bá apá ọ̀tún ṣe, ó ń bá apá òsì ṣe. Àṣé ẹ̀yìnkùlé màámi ni ọ̀nà Rọ́ṣíà gbà kọjá! Mo fi kásẹ́ẹ̀tì rán ẹni tó ń lọ sílé, pé kí màámi wá akẹ́kọ̀ọ́ kan fi rán.

Màámi rí kásẹ́ẹ̀tì wọn tó padà wá, wọ́n ní ọmọ àwọn ti gbọ́ ọ tán, ló bá dá a padà. Ẹni tó gbé e lọ ṣàlàyé títí, wọ́n ní kó yé bo àṣírí. Wọ́n ní láti Houston ni wọ́n ti ń darí ẹni tó ń lọ sínú òṣùpá, ṣé Mọ́síkò ni wọn ò wá ní lè dé? Wọ́n ki kásẹ́ẹ̀tì kan náà bọ rédíò, wọ́n gba ohùn èébú sílẹ̀ lé ìdáríjì lórí, wọ́n sì fi rán akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ wá wo èmi. Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì méjì, èyí tó ń da ọ̀rọ̀ inú ọ̀kan sínú èkejì, mẹ́ta ló wà lórí pẹpẹ mi. Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kún páálí. Kò sọ sí mi lọ́kàn kí n da ẹyọ kan pamọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù ṣọ́ọ̀bù dún. Àbúrò mi ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kásẹ́ẹ̀tì dé. Màámi bú mi dé orí ọmọ tí mi ò tíì bí."

"Gbọ́ mi. Wọ́n ti dárí jì ọ́."

"Níbo?"

"Nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn náà. Abẹ́ èébú yẹn ló wà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti ń mutí ní Amẹ́ríkà ni?"

Nǹkan kan ń dún lórí fóònù bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Mo ní ẹni tó bá ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ wa lórí wáyà, kó wá bá mi jẹ́rìí.

"Ẹ dúró ná," ni àbúrò mi wí. "Nígbà tí èébú tán, mo gbàgbé, mi ò pa á. Ohùn wọn tún jáde, jẹ́jẹ́. Wọ́n ní máa wọṣọ tó nípọn, kí òtútù má wọ̀ ọ́ létí. Mo rò pé ẹ̀yin ni wọ́n ń bá sọ."

"Èmi? Nínú oòrùn Houston? Ìyàwó rẹ ni wọ́n ń bá wí!"

Mo gbọ́ tó fi èdè wọn sọ nǹkan, mo gbọ́ tí obìnrin kan béèrè ọ̀rọ̀, tí òun sì tún un sọ fún un. Ìlà bá já.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n lọ sí Ìkirè. Ìyàwó náà dé fìlà onírun bo etí rẹ̀ méjèèjì nínú oòrùn ọ̀sán, ó ń làágùn, kò sì ṣí i. Màámi ní ìyàwó yìí nìkan ló ń gbọ́ràn nínú gbogbo àwa ọmọ àwọn.

Títí wọ́n fi kú, wọn ò gbà pé kásẹ́ẹ̀tì ò dé Mọ́síkò nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní àbúrò mi ni mo ń bá purọ́.